Àtẹ Ìtẹ̀síwájú Kíláàsì Kẹta

Ẹ má bi mí bí ìpàdé náà ṣe pẹ́ tó. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la jókòó, nígbà tí a ó fi dìde, ìdí ti ń ro mí. Àwa mẹ́rin péré la wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ tó ti ogójì èèyàn, òye tó wà nínú ẹ̀ ò sì tó ti ẹnì kan.

Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló ṣe olórí ìpàdé. Ọ̀gá Alátẹ là ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ohun tí kì í ya àtẹ fún. Àtẹ ẹni tó pẹ́ dé, àtẹ ẹni tó gbálẹ̀, àtẹ iye ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé. Rúlà àti bírò aláwọ̀ mẹ́rin ló fi ń yà wọ́n, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri débi pé èèyàn ò mọ ọ̀dà tí wọ́n fi kun ọ́fíìsì náà mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo tí kò yà rí ni àtẹ iye ìgbà tó wọ kíláàsì lọ wo ohun tí ọmọ ń kọ́. Ṣìọ̀!

Ẹnì kejì ni olùkọ́ kíláàsì kẹfà, igbákejì ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà lorúkọ tí àwọn ọmọ fún un, orúkọ náà sì bá a mu ju èyí tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ lọ. Bí ọ̀gá bá ní òjò ń rọ̀, á ká ṣòkòtò sókè nínú oòrùn ganrínganrín. Ẹnì kẹta ni káfíńtà kan tí wọ́n fi ṣe alága àwọn òbí. Ẹnì kẹrin ni èmi tí mò ń kọ́ kíláàsì kẹta, kíláàsì tí gbogbo wàhálà dá lé lórí.

Wàhálà ọ̀hún nìyí. Kíláàsì kẹta ni àwọn alábẹ̀wò ìjọba fi ń díwọ̀n ilé-ìwé lọ́dọọdún. Wọ́n á fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé kan, wọ́n á wo aago, ọmọ á kà á fún ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tó bá ka ogójì ọ̀rọ̀, ó mọ̀wé kà. Èyí tí kò bá kà tó bẹ́ẹ̀, kò mọ̀wé kà, ọ̀rọ̀ parí. Nínú ọgọ́ta ọmọ tí mo ní, mẹ́tàdínlógójì ló yege nígbà tí mo dán wọn wò fúnra mi. Ìdá méjìlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Àwọn alábẹ̀wò sì ti ní kí a kọ ètò tí yóò gbé e dé ọgọ́rin kí ọdún tó parí.

"Kí la máa ṣe?" ni ọ̀gá béèrè, ó ń fi ìdí bírò pupa gbá eyín.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní olùkọ́ kan sí i, torí ọgọ́ta ọmọ pọ̀ jù fún ẹnu kan. Mo ní ìwé kíkà mẹ́rìnlá ló wà fún gbogbo wọn, ọmọ mẹ́rin, márùn-ún ló ń na ọrùn sórí ẹyọ kan.

Ọ̀gá wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó tọ̀ sára. "Tíṣà kíláàsì kẹta, ètò là ń ṣe. Ẹnikẹ́ni ò ní ká wá ráhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. "Ètò là ń ṣe."

Ni ọ̀gá bá fa àtẹ tuntun kan yọ lábẹ́ tábìlì. Ó ti yà á tán látilé. Wọ́n kàn pè wá pé ká wá wò ó ni. Ó ní a óò dá kíláàsì kan sílẹ̀ tí yóò máa jẹ́ Kíláàsì Ìmúrasílẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé kà ni yóò bọ́ síbẹ̀, orúkọ wọn yóò sì kúrò nínú ìwé orúkọ kíláàsì kẹta. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, alábẹ̀wò ò lè dán an wò.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n àgbọ́njù! Wọ́n ní kí o tọ́jú ọmọ tó ń ṣàìsàn, o gbé e jù síta, o wá ń sọ fáráyé pé kò sí aláìsàn nílé rẹ mọ́.

Inú Bẹ́ẹ̀ni-Sà dùn débi pé ó fẹ́ ronú. "Ọ̀gá, tí a bá yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún tó kù díẹ̀ káàtó kúrò, gbogbo àwọn tó ṣẹ́kù ló mọ̀wé nìyẹn! Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún!"

"Òpònú," ni ọ̀gá fún un lésì. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fura ni? Mẹ́rìndínlógún la máa yọ. A ó fi méje sílẹ̀." Ó tẹ ẹ̀rọ ìṣírò. "Mẹ́tàdínlógójì nínú mẹ́rìnlélógójì. Ìdá mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ó ju ohun tí wọ́n béèrè lọ, kò sì pọ̀ débi tí ẹnikẹ́ni á fi bi wá ní ìbéèrè."

Mo mọ ibi tí kíláàsì náà máa wà. Yàrá tí a ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí lẹ́yìn ilé ni. Kò ní pátákó, kò ní olùkọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn a ti ṣe irú ẹ̀ rí, Kíláàsì Àtúnṣe la pè é nígbà yẹn. Ọmọ mọ́kànlá ló wọlé síbẹ̀, ẹyọ kan ò padà. Wọ́n jókòó títí ó fi sú àwọn òbí wọn, kálukú mú ọmọ ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ń fọ mọ́tò ní ìkóríta tí mò ń gbà lọ sílé, ó ṣì máa ń kí mi káàárọ̀. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì panu mọ́. Mo ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín, mo ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ó wá ku alága. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe di alága fún yín. Nọ́ọ̀sì wà nínú àwọn òbí wa, akọ̀wé báńkì wà, agbẹjọ́rò tilẹ̀ wà. Ọ̀gá fo gbogbo wọn, ó lọ mú ẹni tí kò lè ka nǹkan kan ju nọ́ńbà ara téèpù tó fi ń wọn pákó lọ. Ẹni tí kò lè kàwé, báwo ló ṣe fẹ́ ta ko ìwé? Káfíńtà náà jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó nínú irun ojú, ọ̀gá ń ka ètò náà fún un bó ṣe wù ú: a fẹ́ ran àwọn ọmọ tó ń fà sẹ́yìn lọ́wọ́ ni, a fẹ́ fún wọn ní ibi tó pa rọ́rọ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni káfíńtà wí. "Kí ni wọ́n máa jókòó lé? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Mo máa kan bẹ́ńṣì mẹ́rin fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Tí wọn ò bá tiẹ̀ mọ̀wé, ọmọ èèyàn náà ni wọ́n." Ó gba bírò, ó fa ìlà kan, ó fa òmíràn dábùú ẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà ní kíláàsì mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kà nínú ìṣẹ́jú kan. Kò ṣi ẹyọ kan kà, ṣùgbọ́n aago ò bèèrè ìyẹn. Nígbà tí bàbá ẹ̀ ń fa ìlà, mò ń rẹ́rìn-ín nínú. Mo ní, ọmọ tìẹ gan-an lò ń kan bẹ́ńṣì fún yìí o, òmùgọ̀ èèyàn!

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ọ̀gá ju ìwé orúkọ sí mi. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ yan méje tó máa dúró."

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n mú àwọn méje tó súnmọ́ ogójì ọ̀rọ̀ jù lọ. Àwọn tí ìyá wọn lẹ́nu ni mo mú. Mo mú ọmọ nọ́ọ̀sì. Mo mú èyí tí ìyá ẹ̀ àgbà wá tú gèlè lé wa lórí nígbà kan nítorí pẹ́ńsù tó sọnù. Nígbà tí mo mú mẹ́fà tán, ààyè kan ló kù, mo ń wo ọmọ káfíńtà àti ọmọ akọ̀wé báńkì. Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án péré ni ọmọ akọ̀wé báńkì kà, ṣùgbọ́n bàbá ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ẹ̀sùn. Káfíńtà kì í bèèrè nǹkan kan. Kí n má purọ́, mo fojú kéré ọkùnrin náà ni. Mo mú ọmọ akọ̀wé báńkì.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí agogo ìparí ti lù, wọ́n lẹ orúkọ àwọn mẹ́rìndínlógún mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Àwọn òbí tó wá mú ọmọ ti ń dúró yí i ká nígbà tí káfíńtà ti ọmọlanke wọlé pẹ̀lú bẹ́ńṣì mẹ́rin. Ó ti fá wọn, wọ́n ń dán. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án, kí n wò ó bóyá ẹ̀gún igi kankan wà tó lè gún ọmọ nídìí. Mo ní kò sí.

"Àǹtí, kí ni wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ yẹn?"

Mo ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì mi, kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Kò dúró dè mí. Ó pe ọmọ ẹ̀, ó ní kó wá kà á fóun.

Ọmọ náà fi ìka lé àkọlé. "Kí-láà-sì. Ì-mú-ra-sí-lẹ̀."

"Ẹn-ẹ́n! Àwọn tí mo kan bẹ́ńṣì fún nìyẹn. Máa kà á lọ."

Ó ń kà á lọ. Ó ń mú orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ìka ẹ̀ ò kúrò lára bébà. Ìkẹfà jẹ́ orúkọ gígùn kan tí èmi gan-an kì í pè tán, ọmọ náà ń já a díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parí. Bàbá ẹ̀ ń mi orí sí gbogbo ẹ̀, ó ń wo ojú àwọn òbí tó kù. "Ẹ ń gbọ́? Kíláàsì kẹta péré o! Nílé wa, òun lẹni àkọ́kọ́." Ó yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọlọ́run nìkan ló lè san án fún yín." Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Nígbà tó dé ìkejìlá, ó ka orúkọ ara ẹ̀. Ohùn kan náà ló fi kà á, ó sì ka orúkọ bàbá ẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ó wá gbójú sókè wo bàbá ẹ̀.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Rárá, ohun tó wà níbẹ̀ ni kóo kà."

"Òun ló wà níbẹ̀, bàbá mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ bébà náà bí ẹni pé yóò fi agídí kà á. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Àǹtí, ṣé ẹni tí kò mọ̀wé kà ló ń kàwé fún mi láti ìgbà tí a ti dúró síbí?"

Ọ̀gá ti gbọ́, ó sáré jáde. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe ni. Ẹ jẹ́ ká dá orúkọ ẹ̀ padà."

"Àṣìṣe báwo? Àtẹ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn alábẹ̀wò láàárọ̀ yìí. Orúkọ mẹ́rìnlélógójì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́." Ó wá ń bẹ alága. "Alága, ẹ má bínú sí mi o. Tíṣà yìí ló jókòó tó ṣa orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan."

Káfíńtà ò tiẹ̀ wo ọ̀nà ibi tó wà. Èmi ló ń wò. Mo ní, "Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ní ká fún wọn. Ọmọ yín kì í yára ni. Ká ní ìṣẹ́jú méjì ni…"

"Ta ló ń lé yín?" ni káfíńtà béèrè.

Kò pariwo. Gbogbo ẹ̀gàn tí mo ti ń pín kiri láti ọjọ́ ìpàdé, fún ọ̀gá, fún Bẹ́ẹ̀ni-Sà, fún ọkùnrin tó dúró níwájú mi yìí, èmi gan-an ló tọ́ sí jù lọ, ojú sì tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa fi ara sí.

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún ọmọ náà pé kó dúró. Ó nu ìka ẹ̀ mọ́ aṣọ, ó fi lé orúkọ kẹtàlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.