Ìjánu Tí Wọ́n Fi Epo Pupa Sè

Nígbà tí Ṣẹ̀ríìfù fi òòlù gbá ìdérí irin kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù náà, òórùn ló kọ́kọ́ jáde kí ojú tó rí nǹkan kan. Òórùn ọ̀hún kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi imú gbọ́, ó ń gbáni létí ni. Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò sì dúró títí ó fi dé ìlú Agblangandan. Gbogbo àdúgbò Akpakpa ní Kútọnu ló sín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí Ṣẹ̀ríìfù ti ń tún ìjánu ọkọ̀ ṣe. Ó ti bá òkú eku, bàtà ọmọdé, àti ẹrẹ̀ tó le bíi bíríkì nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀ rí. Ṣùgbọ́n èébì gbé e lọ́jọ́ yìí. Ohun pupa kan tó ti dì, bí ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ló bo awọ ìjánu, ìyẹn awọ líle tó máa ń di irin mú kí ọkọ̀ tó dúró. Ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ó gbóòórùn ìka náà. Ojú rẹ̀ pòyì.

"Ẹ̀gbọ́n Adébáyọ̀," ó pe ẹni tó ni ọkọ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń se ọbẹ̀ síbí?"

Adébáyọ̀, tó fúnra rẹ̀ ń wa ọkọ̀ náà láti àwọn oko ẹ̀yìn Kétu wá sí Kútọnu, rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n yìn.

"Epo pupa ni. Bí mo bá tẹ ìjánu, á máa ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa, àwọn èrò á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá da ife epo kọ̀ọ̀kan sẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àbúrò, ó dákẹ́ rọ́rọ́!"

"Òkú náà máa ń dákẹ́, ẹ̀gbọ́n."

Ṣẹ̀ríìfù ṣí àwọn ẹsẹ̀ yòókù. Ọbẹ̀ kan náà ni. Ohun tó wá ń ká a lára ju òórùn lọ ni pé Àdìzátù ìyàwó rẹ̀ ló máa ń jókòó sórí ẹrù ọkọ̀ yìí gan-an, bó bá lọ kó àgbàdo lóko. Ọ̀la ló tún fẹ́ lọ.

"Ẹ gbọ́," ó wí, ó ń tutọ́. "Lórí títì ọ̀dà, bí ẹrù bá wúwo, irin á gbóná, epo á yọ́, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ bí ilá. Lọ́nà oko, ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ epo, yanrìn á lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, á máa jẹ irin bí ikán. Yanrìn náà ló ń mú un ké tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ bá ti gbé e wá kí n gbọ̀n ọ́n dà nù, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́!"

"Fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ báyìí, kó o ṣáná sí i kí epo jó tán, kó o dè é padà. Mo ní ẹrù lọ́la."

"Awọ tó ti mu epo yó bí ọ̀mùtí? Tuntun la ó fi sí i, èyí tó nípọn, tó lè gba ooru. Ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀! Mẹkáníìkì pọ̀ ju eṣinṣin lọ ní Akpakpa. Kó awọ mi fún mi, n ó gbé e fún ẹlòmíì."

Ṣẹ̀ríìfù mọ̀ pé Adébáyọ̀ yóò rí ẹni ṣe é. Àwọn kan wà lójú títì tí wọ́n á fi itọ́ lẹ ìjánu bí o bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni Àdìzátù dé, tó di imú mú.

"Bàbá Màríámù, kí ló kú síbí?"

"Ìwọ ló kù díẹ̀ kó o kú." Ó fi awọ hàn án.

Àdìzátù yọ́ ọ wò, ó sáré bì sẹ́yìn táyà. Ó nu ẹnu. "Ṣé orí èyí ni mo ti ń jókòó? Họ́wù! Ó dáa, ẹ ṣáà dè é padà fún ti ọ̀la nìkan. Òjò ń pa àgbàdo mi lóko."

Ṣẹ̀ríìfù wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Adébáyọ̀. Ó kó gbogbo awọ náà sórí òkúta, ó gbé òòlù, ó sì fọ́ wọn yángá-yángá. Igbe tí Adébáyọ̀ ké, àwọn ẹja inú ọ̀sà yọjú wá wò ó. Àdìzátù gbá àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀.

"Àgbàdo mi á hù! Irú ọkọ wo ni mo fẹ́ yìí?" Ó gba ilé lọ láì wẹ̀yìn.

Ṣẹ̀ríìfù fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òórùn náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Adébáyọ̀ bú u títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó jókòó sórí àkàsọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́, ó tún dìde.

"Níbo ni wọ́n ti ń ta èyí tó nípọn yẹn?"

Àgbọ̀n ni Ṣẹ̀ríìfù fi júwe ọ̀nà ọjà Ganhi fún un. Kò lè gbé ọwọ́ yẹn sókè sẹ́bàá imú rẹ̀.