Gáàsì Inú Ìwé àti Gáàsì Inú Sílíńdà

Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń rọ gáàsì sínú sílíńdà, gáàsì tó ń mú kí ohun mímu inú ìgò máa hó. Mi ò kàwé rẹ̀. Ọwọ́ mi àti ìwọ̀n ló kọ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún mi, bàtà rẹ̀ ni mo máa ń wò bóyá ó ti dọ̀tí rí.

Níbi iṣẹ́ wa, a máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ìfúnpá tí a retí, ìyẹn agbára tí gáàsì fi ń lu ògiri inú sílíńdà, sí èjìká sílíńdà kí a tó de géèjì, aago tó ń wọn ìfúnpá, mọ́ ọn. Bí géèjì bá sọ pé o purọ́, gbogbo èèyàn á rí i.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọbìnrin mi wá ṣe ìdánwò iṣẹ́ oníṣirò gáàsì lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá sọ ọ́ gbangba: kílò mẹ́wàá gáàsì ló wà nínú sílíńdà àádọ́ta lítà yìí, kó kọ iye báà tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́. Bó bá fi ju báà márùn-ún lọ ṣì í, kó máa lọ sílé. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ ti lọ sílé. Ọdún méjì lọmọ yìí ti ń wáṣẹ́ kiri. Kò sóhun tí mo fẹ́ tó kó jókòó sí tábìlì oníṣirò yẹn.

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ìyá Géèjì, mo mọ ẹnu yín. Ẹ pa á dé."

Mo ní kó fi plásítà lẹ̀ ẹ́ bí kò bá gbà mí gbọ́.

Ọmọ mi ṣírò wàrà-wàrà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí èjìká sílíńdà: 113.

Mo rí i pé ó ti ṣìnà. Iye gáàsì inú ìwé nìyẹn. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nílé rí, pé hóró gáàsì inú ìwé kò lára, kò gba àyè, èyí kankan kò sì mọ̀ pé òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Mo bi í pé irú ẹbí wo nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi da tíì sílẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn sílíńdà tí mo rọ láàárọ̀ tò sí, kílò mẹ́wàá mẹ́wàá nínú àádọ́ta lítà bákan náà, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì mi ní èjìká wọn: 62, 62, 61. Ó yíjú, ó rí wọn. Ó wò mí. Èmi ń ka páànù òrùlé.

Ó mú àkísà, ó nu 113 kúrò. Mo rò pé ó máa kọ 62 kí a lọ jẹun. Rárá o. Ó padà jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èyí pẹ́. Ó yọ àyè tí ara àwọn hóró náà gbà, ó tún yọ bí wọ́n ṣe ń fa ara wọn mọ́ra. Ó dìde, ó kọ 65.

Ọ̀gá ní, "Àwọn sílíńdà ìyá ẹ ń wò ẹ́ níbẹ̀ yẹn. Kí ló dé tó ò kọ 62?"

"Mo rí i, sà. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí Màámi ṣe débẹ̀. Èyí tí mo kọ yìí, mo mọ gbogbo ẹsẹ̀ tí mo gbé."

Ọ̀gá ní kí n de géèjì. Mo dè é mọ́ ẹnu sílíńdà. Mo ṣí i. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọjá ogún, ó kọjá ogójì, ó rọra dúró. Méjìlélọ́gọ́ta.

Mẹ́ta péré ló fi ṣì í. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn méjì ìṣáájú náà rí sílíńdà mi. Ọ̀kan ní géèjì ti bàjẹ́, èkejì ní mò ń jí gáàsì. Ó na kọ́kọ́rọ́ tábìlì sí ọmọ mi.

"Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ wàyí?" ni mo bi í.

"Ìyá Géèjì, ta ló lè dá yín dúró?"

Mo hó ìhó ayọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ mi dì mọ́ mi, ó fi ṣọ́ọ̀kì kun gbogbo ẹ̀yìn mi. Ó ní àwọn hóró náà dà bí àwa mẹ́fà nínú yàrá kan ṣoṣo nígbà tí òun wà ní kékeré: bí àyè ṣe há tó, ara wa là ń dì mú, a ò ráyè lu ògiri. Mo ní òun gan-an nìyẹn, àwọn onímọ̀ ì bá ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ó ní kí n mú ìwé tí mo ń kọ iye géèjì sí wá lọ́la, òun fẹ́ mọ ibi tí mẹ́ta yẹn sá gbà. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ fọwọ́. Ẹni tó bá fi ṣọ́ọ̀kì ba ìwé mi jẹ́, màá lé e, ì báà jẹ́ oníṣirò.