Àròkọ Ìdágbére fún Ẹni Tó Ṣì Ń Mí

Nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa, a kì í dúró de ikú kí a tó kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Bí ara ẹni ńlá kan kò bá ti yá, ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Múra-Sílẹ̀, á ní kí wọ́n kọ tirẹ̀ pamọ́. Tí ìròyìn bá dé, ọjọ́ nìkan ló kù tí wọ́n á fi sí i.

Èmi kò bá wọn dá sí i rí. Káfíńtà ni mí. Wọ́n pè mí wá kan tábìlì, wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n máa kọ ojú ìwé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Mi ò kì í la ètò kankan sílẹ̀. Mo máa ń jókòó ni, ọ̀rọ̀ á máa bọ̀ bí ẹni fa omi nínú kànga. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ta ni ì bá kọ́ mi ní ètò?

Tíṣà ni. Ọmọ ìyá mi tó ṣáájú mi wáyé ni Tíṣà. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ló sọ níwájú ẹbí pé, "Orí eléyìí kò gba ìwé. Ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́." Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹbí gbà. Ó kàwé, ó di olùkọ́, ó kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé, "Ẹ fa okùn ìpìlẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ ilé." Láti ọjọ́ tí mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, mi ò pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Tíṣà ni mò ń pè é, bí ẹni ń pe ará àdúgbò. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ajé, Múra-Sílẹ̀ wá dúró lẹ́bàá tábìlì mi. Kò wojú mi.

"Wọ́n ní ara Tíṣà kò yá rárá."

"Mo gbọ́."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù."

"Ọ̀gá, ẹ gbé e fún ẹlòmíì."

"Alágídí, ọ̀la ni mo fẹ́ ẹ. Kí o sì la ètò o. Má wá da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni da àgbàdo fún adìyẹ."

Mo la ètò, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ìbí, ìwé, iṣẹ́, ìdílé, ìparí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. "Nígbà ayé rẹ̀." "A ó máa rántí rẹ̀." Nígbà tí mo dé ìparí, mo kọ ọ́ pé: "Kí ó tó lọ, òun àti àbúrò rẹ̀ ti parí ìjà wọn." Mo wo gbólóhùn náà títí. Ó ń wò mí bí ẹni tó mọ ohun tí mi ò tíì mọ̀.

Mo ká ìwé náà sápò, mo gba ilé rẹ̀ lọ. Mi ò lọ bẹ̀bẹ̀ o. Mi ò kàn fẹ́ kí irọ́ ti ọwọ́ mi jáde ni.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. "Háà! Ọkọ mi, ta ló júwe ilé fún ọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Yára wọlé."

Wọ́n ti ta kọ́tìnì sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

"Tíṣà, ẹ kú ilé."

"Alágídí. Ṣé wọ́n ti ní kí o kọ mí?"

Mo yọ ìwé náà nínú àpò.

"Mo ti bá Múra-Sílẹ̀ kọ ti àwọn ẹlòmíì rí. Kà á."

Mo kà á. Ó dijú títí mo fi dé gbólóhùn ìkẹyìn, ó wá lajú.

"Yọ ìyẹn. Kò tíì ṣẹlẹ̀."

"Ó wà nínú ètò."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó padà sí ilé ìdáná.

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ," ó wí. "O mọ̀ ọ́n."

"Ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà lọ́jọ́ yẹn."

Ó kọjú sí mi. "Mo mọ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Àyè ẹnì kan ló wà láti lọ sílé ìwé, orí tìẹ sì jí ju tèmi lọ. Ẹ̀rù bà mí."

Kò sí ibi tí èyí wà nínú ètò mi.

"Da ètò nù," ni Tíṣà wí, Tíṣà tó kọ́ gbogbo ìlú ní ètò. "Yí ìwé yẹn padà. Kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, kí n máa gbọ́."

Mo yí i padà. Mò ń kọ, mò ń kà á sókè. Mo kọ nípa bàtà tí a jọ ń pààrọ̀ wọ̀.

"Irọ́! Tèmi ni bàtà. Mo yá ọ ni."

Mo kọ nípa bọ́ọ̀lù tó fọ́ fèrèsé aládùúgbò.

"Ìwọ lo gbá a. Èmi ni mo jẹ ẹgba."

Ọ̀rọ̀ ń ya wọlé. Ó ń tako mi: "Irọ́." Lẹ́yìn náà, "Rárá." Lẹ́yìn náà, ìka kan ṣoṣo ló gbé sókè. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mi ò gbójú sókè. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ mi bá ṣì ń lọ, kò di dandan kí n wo ibẹ̀.

Mo wá dẹ pàkúté fún un. Mo kọ ọ́, mo sì kà á ketekete: "Èmi ni mo dàgbà jù ú lọ. Àbúrò mi ni Tíṣà."

Kò sí àgbà tó máa gbọ́ ìyẹn kó dákẹ́.

Mo dúró. Omi tí ìyàwó rẹ̀ ń tú ní ilé ìdáná dá. Mo tún un kà, mo gbóhùn sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo wí. "Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀rọ náà ń kùn lọ. Nínú àpò mi, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo mọ ẹni tó ń pè. Ọjọ́ nìkan ló kù tó fẹ́ fi sí i.