Orúkọ Tó Dá Wà Nínú Ìwé Òṣìṣẹ́

Àǹtí mi ni wọ́n ṣẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí ni, aago méje òwúrọ̀, lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tí àǹtí mi ti ń fọ ìgò láti ọdún mọ́kànlá. Ọlọ́dẹ kò ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó ní wọ́n ti yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje – bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn tí máníjà bá pè mí wọlé. Fara balẹ̀. Má pariwo. Tí mo bá pariwo, wọn á ní ọmọ tó kàwé tí kò níṣẹ́, kí ló kù tí kò ní ṣe... Tí wọ́n bá tiẹ̀ pè mí. Láti aago mẹ́sàn-án ni mo ti jókòó sórí àga oníke yìí. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé, ó ti dé orí bàtà mi.

Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní máníjà wà nípàdé. Ìpàdé wo? Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn látinú yàrá.

Ìbọ̀wọ́ la béèrè. Ìbọ̀wọ́ lásán. Láti ọdún tó kọjá ni ilé iṣẹ́ kò ti fún àwọn afọgò ní ìbọ̀wọ́ mọ́, omi gbígbóná àti sódà ìfọgò wá ń bó wọn lọ́wọ́ bí ẹni ń bó ọsàn. Àǹtí mi kò lè di bọ́tìnnì mọ́. Ọmọ wọn obìnrin ló ń bá wọn dì í láràárọ̀. Mo rí i, inú bí mi. Kí ni mo tún ní ju ìbínú lọ? Ìwé ẹ̀rí wà lábẹ́ ibùsùn, iṣẹ́ kò sí. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà. Àwọn afọgò ń pè mí ní Lọ́yà Aláìníwíìgì, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó dùn mọ́ mi. Ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ mi. Ìgbà mẹ́ta ni mo ka lẹ́tà yẹn sókè kí n lè máa gbọ́ dídùn rẹ̀.

Àti ọ̀rọ̀ orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ máa kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà... èmi ni mo dá a lábàá. Èmi, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo ní kí wọ́n má kọ orúkọ bàbá, kí wọ́n má kọ nọ́ńbà iṣẹ́, orúkọ àbísọ kan péré ti tó. Máníjà á rí i pé èèyàn ni wọ́n, kò sì ní mọ ẹni tí yóò mú. Wọ́n ní ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke ìgò ní, "Tí wọ́n bá pe orúkọ tèmi lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń sanwó oṣù, èèyàn mẹ́sàn-án ló máa dáhùn, ajá ọlọ́dẹ á ṣe ìkẹwàá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi náà – ṣé àǹtí mi rẹ́rìn-ín? N kò wo ojú wọn.

Orúkọ tèmi ló tàn mí jẹ. Ta ni kì í jẹ́ ẹ? Sọ òkò sọ́jà, ẹni tó ń jẹ́ ẹ ló máa bà. Ní kíláàsì wa ní yunifásítì, àwa mọ́kànlá là ń jẹ́ ẹ. Nígbà tó sú olùkọ́ kan, ó sọ wá di nọ́ńbà: èmi ni Ìkẹrin. Ìkeje gba máàkì mi nígbà kan, èmi gba òdo rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń gun àtẹ̀gùn kiri kí n tó rí tèmi gbà padà. Mo kórìíra orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀, kò sẹ́ni tó lè na ìka sí i. Mo wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni orúkọ gbogbo èèyàn ṣe rí.

Ti àǹtí mi ńkọ́? Bàbá àgbà ló hun ún fúnra wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí àǹtí mi, ìjì ká òrùlé ilé lọ, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni nínú ilé léṣe. Bàbá àgbà sọ gbólóhùn kan lórí ìdúró, wọ́n sì fún ọmọ ní gbólóhùn náà lórúkọ. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ rí, kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ mọ́. Ní báńkì, wọ́n á ní kí àǹtí mi tún un pè. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á wo káàdì, á wo ojú wọn, á tún wo káàdì. Àwa ọmọ ẹbí fi ń yangàn. Kò sí méjì wọn láyé – ẹnu ta ni mo ti máa ń gbọ́ ọ? Ẹnu ara mi. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n. Látìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò sì rò ó fún ìṣẹ́jú kan péré...

Wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ta ló wo ilé iṣẹ́?

Ọlọ́dẹ ló sọ fún mi bó ṣe lọ. Ó wà nínú ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ Ajé, ó ń pààrọ̀ gílóòbù lórí àkàbà. Ó ní máníjà gbé lẹ́tà mi sápá òsì, ó gbé ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ sápá ọ̀tún. Orúkọ àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́sàn-án ló ń jẹ́ ẹ. Ó fò ó. Ìkejì, èèyàn mẹ́fà. Ó fò ó. Ó kan èyí tí èèyàn méjì ń jẹ́, ó ronú díẹ̀, ó tún fò ó. Inú ń bí i bọ̀, títí ó fi dé ìlà tó kẹ́yìn. Ọ̀kan ṣoṣo. Ọlọ́dẹ ní máníjà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Èyí dá wà." Ó pa ìwé dé. Kò tiẹ̀ ka lẹ́tà náà, ọlọ́dẹ ní. Kò ka ìlà kan níbẹ̀.

Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló kọ orúkọ. Ẹnì kan ni wọ́n rí. Àwọn méjìlélógójì yòókù... n kò bínú sí wọn. Àbí mo ń bínú? Wọ́n lọ́mọ. Ọlọ́mọlanke yẹn rí mi lánàá, ó yí ọmọlanke rẹ̀ gba ọ̀nà ibòmíràn. Kí ni kí ó ṣe? Orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Kí ló dé tí n kò ní kí àǹtí mi kọ òmíràn? Kí wọ́n kọ èyí tó pọ̀. Kí wọ́n kọ tèmi...

Tèmi. Mo ti kọ tèmi. Ní nǹkan bí wákàtí kan sẹ́yìn, akọ̀wé ní kí n wá kọ orúkọ sínú ìwé àlejò. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo tẹ bíró mọ́ ọn títí ìwé fi fẹ́ ya. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi mú. Èèyàn méjì ti kọ ọ́ ṣáájú mi lójú ewé kan náà: ẹni tó kó ìdérí ìgò wá, àti ẹni tó wá tún fíríìjì ṣe. Akọ̀wé tẹ máníjà láago, mo sì gbọ́ ọ tó ń ní rárá, sà, kì í ṣe ti fíríìjì, sà. Mo ní kí ó sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ lẹ́tà, èmi ni kí wọ́n bá wí, kí wọ́n jẹ́ kí àǹtí mi wọlé. Ó fa ẹ̀dà lẹ́tà náà yọ, ó fi ìka tọ orúkọ láti òkè délẹ̀. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. "Bọ̀dá, ẹni márùn-ún ló ń jẹ́ orúkọ yìí níbí. Èwo ni tiyín?"

Kò sí èyí tó jẹ́ tèmi. N kò kọ orúkọ mi. Mo ní èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́, kí ló kàn mí.

Lánàá mo lọ bẹ àǹtí mi. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ní n kò mọ̀. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ìpara funfun lójú egbò. Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ lo sọ mí lórúkọ." Mo rò pé wọ́n ń tù mí nínú ni. Ọkàn mi tiẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, n kò purọ́...

Dúró ná.

Báàgì yẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ, lẹ́yìn tí àǹtí mi kọ tiwọn tán nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ – wọ́n padà sínú ilé iṣẹ́. Wọ́n pẹ́ díẹ̀. Wọ́n gbé báàgì ọ̀rá kan jáde. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, ọmọ rere, mo gbé e délé. Ife wọn wà nínú rẹ̀. Sálúbàtà wọn, dígí kékeré, aṣọ tí wọ́n fi ń pààrọ̀... gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Ọdún mọ́kànlá, kò sì wúwo. Gbogbo ojú ọ̀nà ni mo fi ń sọ̀rọ̀ lẹ́tà. N kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Èmi ni mo gbé e.

Àǹtí mi mọ̀.

Kí wọ́n tó mú bíró ni wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ka orúkọ méjìlélógójì tó wà lókè tiwọn, wọ́n mọ èyí tí máníjà máa rí, wọ́n kọ ọ́, wọ́n lọ kó ẹrù wọn. Nítorí kí ni? Kí ojú má baà tì mí láàárín èrò? Àbí nítorí ọwọ́ wọn? N kò lè bi wọ́n. Wọn kò ní sọ. Nínú gbogbo wa tó dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi tí mo kàwé nìkan ni n kò mọ ohun tí à ń ṣe.

Mo dìde. Máníjà kò pè mí, kò ní pè mí. Mo gbé ẹnu sún mọ́ ihò kékeré tó wà lára gíláàsì. Mo dárúkọ àǹtí mi – gbogbo rẹ̀, bí bàbá wọn ṣe sọ wọ́n. Akọ̀wé gbójú sókè. Tẹlifóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. Gbogbo àwíjàre tí mo tò jọ láti àárọ̀, n kò rí ìkankan wọn mọ́. Ẹyọ kan ló kù.

"Ẹ gbà wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ó ń wò mí.