Ẹni tó ń jẹ́ Olga

Bérénice ń ránṣọ lẹ́bàá títì ní Agbonou, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Atakpamé ní Togo. Gérard ọkọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ra òwú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Atakpamé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Linda, ọmọ ọdún mẹ́fà. Láràárọ̀ ni Gérard máa ń gbé e síwájú lórí alùpùpù, tí wọ́n á jọ máa kọrin gun òkè lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá rí wọn á ní ọkùnrin yìí mọ ọmọ tọ́jú. Ó sì mọ̀ ọ́n tọ́jú lóòótọ́.

Ìwé kíkọ ni Bérénice fẹ́ràn. Bí oníbàárà kò bá sí, á gbé fóònù rẹ̀, á máa kọ̀wé ní Faransé sórí ìkànnì kan tí kò ní ọ̀gá, tí ohun téèyàn bá kọ síbẹ̀ kì í parẹ́. Orí blọkiṣéènì, àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń pa mọ́, ni wọ́n gbé e kà, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ṣe ń sọ. Ẹni tí ìwé rẹ bá dùn mọ́ á dìbò fún ọ. Tó bá di ọjọ́ keje, ìbò á di owó orí ẹ̀rọ. Owó náà kò tó nǹkan, Bérénice kò sì torí rẹ̀ débẹ̀. Èèyàn ló ń wá. Gbogbo ẹni tó bá fèsì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń dá lóhùn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú wọn, ẹnì kan gba ọkàn rẹ̀: Olga, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ní Sokodé. Olga kì í kọ "ẹ kú iṣẹ́, ó dára" kó sáré kọjá bí àwọn tó ń ti ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn torí ìbò. Á kà á dópin, á béèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Ohun tí Bérénice kò lè sọ fún ìyá tó bí i ní Datcha, Olga ló ń sọ ọ́ fún. "Ìyá mi" ló ń pè é.

Nígbà tí oyún oṣù mẹ́rin bàjẹ́ lára rẹ̀, Lomé ni Gérard wà, kò sì tètè padà. Olga ló ní kó kọ ọ́ síta. "Kọ ọ́, ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni yóò bá ọ sunkún." Ó kọ ọ́. Èsì tó wọlé lé ní igba. Nígbà tí Sabrina ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó jẹ́ káwọn jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárín ìlú Atakpamé, Olga ní kó má lọ. "Obìnrin tó bá jìnnà sílé, ẹlòmíràn ni yóò bá a gbé ọbẹ̀ fún ọkọ." Kò lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn Mísà, Gérard ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Bérénice jókòó ní pálọ̀, ó ń kọ̀wé sí Olga. Bó ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, fóònù Gérard dún nínú yàrá. Kò fiyè sí i. Ó fi èkejì ránṣẹ́. Fóònù dún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo, A, ó fi ránṣẹ́. Fóònù tún dún.

Ó dìde, ó wọ yàrá. Ojú fóònù ló ti rí orúkọ ara rẹ̀, lẹ́tà A sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i. Ọjọ́ ìbí Linda ni. Olga nìkan kọ́ ló bá níbẹ̀. Laurent ará Kara wà níbẹ̀, André wà níbẹ̀, orúkọ márùn-ún lápapọ̀ tí Gérard fi ń fèsì lórí ìkànnì náà, gbogbo wọn ló sì bá a kẹ́dùn oyún. Àwọn tí ìbò wọn wúwo lórí ìkànnì náà ti kéde pé èsì tó bá fi hàn pé èèyàn kàwé dáadáa làwọn yóò máa sanwó fún, kí ìfẹ́ lè wà láàárín àwọn ará. Ta ni yóò ka Bérénice dáadáa ju ẹni tí wọ́n jọ ń sùn lọ? Lábẹ́ ọ̀rọ̀ oyún yẹn, èsì Olga gba ìbò ju ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ó dá fóònù padà sí àyè rẹ̀. Nígbà tí Gérard wọlé, ó gbé oúnjẹ fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ronú. Lọ́jọ́ kẹrin ó kọ̀wé sí Olga: "Ìyá mi, ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àní fún àlùfáà. Gérard kọ́ ló bí Linda."

Irọ́ ni. Kò mọ ọkùnrin mìíràn rí láyé rẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí nǹkan jẹ ọkọ rẹ̀ nínú, kó má sì rí ẹnu fi sọ ọ́.

Ó tó wákàtí méjì kí Olga tó fèsì. "Ta ni?"

Nídìí oúnjẹ nírọ̀lẹ́, Gérard tẹjú mọ́ etí ọmọ náà. Lọ́jọ́ kejì Olga tún kọ̀wé: "Sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, kí n lè fi í sínú àdúrà." Bérénice rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó kọ ọ́ pé: "Ọ̀rẹ́ Gérard ni. Wọ́n jọ máa ń mutí."

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Gérard rù. Ó bá Didier ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà, kò sọ ìdí rẹ̀ fẹ́nì kan. Inú Bérénice dùn. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí Linda gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, tó dúró ti alùpùpù bí ìṣe rẹ̀. Gérard tan ẹ̀rọ. "O ṣáà ní ẹsẹ̀," ló wí, ó sì lọ. Ọmọ náà rò pé eré ni. Ó dúró pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Nígbà tó dé, ó béèrè pé, "Màmá, kí ni mo ṣe fún Pàpá?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

Ó yẹ kí Bérénice sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n Olga tún ti kọ̀wé, ó ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà sì dùn ún kà. Bérénice ní kóun fi ọjọ́ díẹ̀ kún un kóun tó jẹ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, òjò pa Linda lórí òkè, ibà sì dá a dùbúlẹ̀. Bérénice sáré jáde. "Bàbá Linda, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wa dé ilé ìwòsàn."

Gérard ń nu alùpùpù. Kò gbójú sókè. "Pe bàbá rẹ̀ kó wá gbé e."

Bérénice kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. "Irọ́ ni mo pa! Mo mọ̀ pé ìwọ ni Olga, mo rí fóònù rẹ. Mo fẹ́ kó dùn ọ́ ni. Ìwọ lo bí i, mo fi Ọlọ́run búra."

Ojú kò tiẹ̀ ti Gérard. Ó nu dígí alùpùpù náà tán. "Ọdún méjì gbáko ni mo fi ka gbogbo ohun tí o ń sọ fún Olga," ló wí. "O ò parọ́ fún un rí. Èmi lo máa ń parọ́ fún. Wàá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ mi ti sú ọ, wàá wá gbé ọbẹ̀ síwájú mi, wàá máa rẹ́rìn-ín. Èwo nínú yín ni kí n gbà gbọ́?"

"Jẹ́ ká lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀."

"Kò sí ìdí kan. Kódà bó bá jẹ́ tèmi, mi ò lè wojú ẹ̀ mọ́."

Linda ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọlọ́kadà ló gbé wọn lọ. Ọjọ́ márùn-ún ni ọmọ náà lò nílé ìwòsàn. Gérard kò yọjú. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, Bérénice mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Datcha, torí kò sí bí ọmọ náà àti Gérard ṣe lè jọ máa gbé inú ilé kan.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Olga gbé ọ̀rọ̀ tuntun síta: ìtàn aránṣọ kan tó gbé ọmọ ọlọ́mọ fún ọkọ rẹ̀. Kò dárúkọ, àmọ́ gbogbo ará ìkànnì náà mọ ẹni tó ń bá wí. Ìbò rọ́ wọlé bí omi. Bérénice náà kọ tirẹ̀, ó sọ òótọ́ látòkè délẹ̀: kò sí ẹni tó ń jẹ́ Olga, ọkọ òun ni. Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi dìbò takò ó, títí ìkànnì náà fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Obìnrin kan ní Porto-Novo, èèyàn gidi tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bérénice, ojú ń tì mí bá ọ. Ìyá àgbà tó dúró tì ọ́ nígbà tí o sọ oyún nù lo ń bà lórúkọ jẹ́ báyìí, torí ìbò?"

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa fóònù.

Lọ́jọ́ Sátidé ó lọ sí Datcha. Wọ́n ní Linda wà lóko pẹ̀lú ìyá àgbà, ló bá gba ọ̀nà oko lọ. Ó rí ọmọ náà lókèèrè, ó pe orúkọ rẹ̀, ó ju ọwọ́ sí i. Linda kò sáré wá. Ó dúró láàárín àgbàdo, ó ń wò ó.