Ọkọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Àtíbàbà

Ohun mẹ́ta ló bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìtì fóòmù kan jóná láti inú wá. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bàbá kékeré bó. Iyanrìn tó yẹ kó pa iná náà sì wà níbi tí ọwọ́ kò ti lè tó o, lẹ́yìn ọkọ̀ ọ̀gá àgbà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bójú tó ààbò ní ilé-iṣẹ́ náà ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kàn bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, eérú nírun, iyanrìn nínú bàtà. Kò dúró gbọn bàtà náà.

Tìmùtìmù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Fóòmù a jáde nínú ẹ̀rọ ní rírọ̀ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, a wú, a ga ju ènìyàn lọ, wọn a sì tì í lọ sí gbọ̀ngàn ìtutù. Ibẹ̀ ni yóò sùn mọ́jú, nítorí ooru inú rẹ̀ kì í tètè lọ. Iṣẹ́ bàbá kékeré, àbúrò bàbá ọ̀dọ́mọbìnrin náà, ni láti máa rìn láàárín àwọn ìtì wọ̀nyí, kó máa fọwọ́ kàn wọ́n, kó sì mọ èyí tí ooru rẹ̀ ń lọ sókè nígbà tó yẹ kó máa wálẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ yìí ló ti hu ewú. Òun ló bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá iṣẹ́ síbẹ̀ nígbà tí ọmọ náà parí yunifásítì, ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ kò sì ju oṣù díẹ̀ lọ mọ́. Sìgá nìkan ni àléébù tí ẹnikẹ́ni rí kà sí i lọ́rùn.

Tẹ́lẹ̀, àtíbàbà kan wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́, ó jìnnà sí gbogbo ohun tó lè jó, ó ní bẹ́ńṣì kan àti àwọn garawa iyanrìn. Ibẹ̀ ni àwọn amusìgá ti ń fa èéfín wọn, tí wọ́n ti ń parọ́ fún ara wọn. Nígbà tí ìjọba wá ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá mọ́ nínú ilé tí àwọn èèyàn ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì gba òfin náà, ó sì na án dé gbogbo ọgbà, títí kan ojú òde. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi lábẹ́ àtíbàbà náà, kí oòrùn má baà pa á.

Inú ọmọbìnrin náà dùn sí òfin yìí, ó sì ṣì dùn sí i. Lójú tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èéfín tirẹ̀ kún ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíì. Ó ń rìn káàkiri, ó ń gbóòórùn, títí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Onímú. Wọ́n á bi í pé, Onímú, ṣé o ń gbóòórùn ohun tí mò ń rò báyìí? Wọ́n tún dá àmì kan sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á fi sípánà lu òpó irin ẹnu ọ̀nà, kọ̀n, kọ̀n, ẹni tó bá ń mu sìgá níbi kọ̀rọ̀ a sì pa á kó tó dé.

Láàárọ̀ yìí, ó gbọ́ kọ̀n, kọ̀n náà bó ṣe ń sún mọ́ gbọ̀ngàn ìtutù. Bàbá kékeré ló bá níbẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Òórùn sìgá ṣì wà nínú afẹ́fẹ́.

Bàbá kékeré kọ́kọ́ sẹ́. Nígbà tó rí i pé irọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó yí ọ̀rọ̀ padà. “Ẹ̀mí ara mi ni mò ń fà, ọmọ mi. Èwo ló kan ìjọba níbẹ̀?”

“Bàbá kékeré, mi ò bi yín bóyá ẹ mu ún. Ibo ló wà?”

Ọkùnrin náà wo ẹnu ọ̀nà. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí sìgá náà kú fúnra rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Òun gan-an ló mọ ohun tó wà nínú fóòmù tí kò tíì tutù. Ó yíjú padà, ó ti ọwọ́ òfìfo bọ àárín ìtì méjì, níbi tí ìlù òpó irin ti dẹ́rù bà á tó fi jẹ́ kí iná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú kùkùté sìgá náà jáde, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti bó. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àwọ̀ ìyeyè tẹ̀ lé e.

Onímú pariwo pe àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti ìtì náà jáde sí gbangba, wọ́n fi ohun ìpaná ara ògiri fọ́n ọn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì ń jó. Ó sáré lọ sí àtíbàbà. Ọkọ̀ ọ̀gá kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, ó fi imú kan ògiri, àwọn garawa sì wà ní kọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sáyè fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Ó gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fò sí òdìkejì, ó sì ń na garawa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹni tó lu òpó irin. Onítọ̀hún kò wo ojú rẹ̀. Iyanrìn náà ló wá pa iná níkẹyìn.

Ọ̀gá àgbà dúró lójú fèrèsé nígbà tí Onímú wọlé. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ti rí ojú ẹsẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sọ̀rọ̀ burúkú. Ó ní kí bàbá kékeré kó ẹrù rẹ̀ lónìí, kí Onímú fúnra rẹ̀ sì sìn ín dé géètì, kí àwọn yòókù lè rí i kí wọ́n sì kọ́gbọ́n. Òfin ni, ó ní, Onímú sì mọ òfin náà ju òun lọ.

“Inú ilé ni òfin sọ, sà. Àwa la fi ojú òde kún un.”

“Ṣé torí pé àbúrò bàbá rẹ ni?”

“Ó jẹ̀bi, sà. Kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn yẹn mọ́, èmi ni mo sì máa gba kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi sí ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù títí yóò fi fẹ̀yìntì. Ó ṣeé ṣe fún un láti dákẹ́ láàárọ̀ yìí, sà. Kò dákẹ́.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bi í bóyá kí òun wá máa kọ́lé fún àwọn amusìgá. Kí wọ́n fi sìgá sílẹ̀, ó ní, ìlera wọn lòun ń rò.

Ọ̀rọ̀ tí Onímú fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ náà lánàá nìyẹn, ó sì dá a lójú nígbà náà. Ó ṣì dá a lójú. Ṣùgbọ́n láti ibi tó dúró sí, ó ń rí ibòji tó bo ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, àti bàbá kékeré tó jókòó sínú oòrùn, tó ki ọwọ́ bọ omi. Ẹni tó lu òpó irin dúró tì í, sípánà lápò. Ìgbà náà ló wá rántí pé kò sẹ́ni tó lu òpó nígbà tí òun kọjá níwájú wọn wá sókè.

“Ó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n títí wọ́n á fi fi í sílẹ̀, ibì kan ni wọ́n máa dúró sí. A lé wọn kúrò nídìí iyanrìn, wọ́n sì wọ inú fóòmù lọ.”

Ọ̀gá wá sídìí tábìlì, ó fi ọwọ́ lé e. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà níbẹ̀. Onímú fi ìka kan tì í síwájú, títí ó fi kan ọwọ́ ọ̀gá.

“Ẹ lọ gbé ọkọ̀ yín kúrò lábẹ́ àtíbàbà, sà. Kí àkókò ìsinmi ọ̀sán tó tó.”