Ẹni Tó Jọ Ará Erékùṣù

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀,” ni Lusia tún wí. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn náà sórí káńtà ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ìlú Logan. “Mo ní ẹni tó wá ja ilé epo wa lólè tóbi tó àbúrò mi. Ó fi aṣọ bojú, ó wọ ìbọ̀wọ́. Mi ò rí àwọ̀ ara rẹ̀ rárá.”

Tegan, akọ̀ròyìn tó kọ ìròyìn náà, kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. “Ohun tí ọlọ́pàá fi ránṣẹ́ ni mo kọ, Lusia: ‘ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó jọ ará erékùṣù Pàsífíìkì.’ Ta ló wá sọ fún wọn?”

Lusia rántí ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn tí olè náà lọ. Ọlọ́pàá náà ti béèrè ibi tí àbúrò rẹ̀ ti wá. Láàárín àwọn ará erékùṣù Sámóà bíi tirẹ̀, ìkíni ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ló fi dárúkọ abúlé bàbá wọn àti ti ìyá wọn, tí ọlọ́pàá sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ẹ yọ ọ́ kúrò.”

“Ọlọ́pàá ni kí ẹ lọ bá.”

“Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin ni kí n wá bá.”

Pesamino àbúrò rẹ̀ ló ń di pátákó ‘Dúró’ mú níwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ń mú àwọn ọmọ sọdá títì. Lẹ́yìn tí ìròyìn náà jáde, àwọn òbí kan pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ní kó ṣì jókòó sílé ná.

“Ẹ̀yin náà lẹ fi mí wé olè!” ni Pesamino wí nírọ̀lẹ́, bó ti ń bẹ kókò. “Ṣé ẹ ò rí ẹlòmíì tó tóbi ni? Pásítọ̀ ìjọ wa ńkọ́?”

“Pásítọ̀ ò lè sáré.”

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọwọ́ tẹ olè náà, Lusia lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Òyìnbó ni olè náà. Ohun tí Tegan kọ kò ju ‘ọkùnrin ará Logan kan’ lọ. Lusia pè é lórí fóònù.

“Ẹ kọ ọ́ pé òyìnbó ni.”

“A kì í dárúkọ ẹ̀yà èèyàn láìnídìí, Lusia. Òfin ilé iṣẹ́ wa nìyẹn.”

“Ìdí wo ló wà nígbà àkọ́kọ́?”

“Nígbà yẹn, a ṣì ń wá a.”

Lusia gbé fóònù sílẹ̀.

“Kí ló wí?” ni Pesamino béèrè.

“Ó ní wọn ò wá a mọ́.”

Pesamino ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè tí ń dán, ó kó o sínú àpò pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ẹlòmíì. Wọ́n ní kó dá ẹrù wọn padà, kó fi í sílẹ̀ lẹ́nu géètì, kó má wọlé.